Nọ́ọ̀tì Márùn-ún Lára Táyà Ẹ̀yìn

Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Olúwalóṣèyí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí òtútù tí o ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ara mi le. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbi tí mo fi í sí. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ níbí, ìkùukùu kì í sì í kúrò lórí àwọn òkè títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Mo mọ̀ pé Olútìmẹ́hìn, àbúrò bàbá rẹ, ti pè ọ́. Ọ̀rọ̀ kì í sùn mọ́jú lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí, kí o lè gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tó ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò fẹ́ pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ mi á bá ariwo ibi iṣẹ́ rẹ lọ, o ó sì máa ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi" sí ohun tí n kò sọ. Inú ìwé ni màá máa kọ ọ́ sí bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní tíṣà, màá sì máa fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí ọ.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní Sátidé tó kọjá, mo wa ọkọ̀ bàbá rẹ lọ sí oko kòkó wa ní Atosin. Nígbà tí mò ń bọ̀, táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì jò. Mo páàkì. Mo gbé jáàkì jáde, mo mú sípánà táyà, mo fi òkúta méjì dí táyà iwájú bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó kan títú nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì ò mì. Márùn-ún ni wọ́n, kò sí èyí tó mì nínú wọn. Mo fi ọwọ́ tẹ sípánà, mo fi ìdí tẹ̀ ẹ́, mo gbàdúrà sí i. Àwọn ọlọ́kadà méjì dúró, àwọn náà tẹ̀ ẹ́. Pàbó ló já sí.

Nígbà tó yá ni Dúpẹ́olúwa, fókánáísà tó ń bá wa lẹ táyà ní Odode, wá bá mi. Ó mú sókẹ́ẹ̀tì kan nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ, àwọn ife irin dídán tí wọ́n ń fi bo orí nọ́ọ̀tì yẹn. Ó ki páìpù bọ ọ̀pá rẹ̀ kó lè gùn, ó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Sókẹ́ẹ̀tì là bí obì. Awẹ́ kan fò kọjá létí mi. Nọ́ọ̀tì ò mì síbẹ̀. A kàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà náà léraléra ni títí a fi rá dé ilé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sì ti kọjá.

Olútìmẹ́hìn ní opó kì í wa ọkọ̀ kiri oko. Ó ní òun ti rí ẹni tí yóò rà á. Ó ní ìwọ náà ti fọwọ́ sí i. Ṣé lóòótọ́ ni?

Mi ò tíì bínú. Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwọ ni mo sì fẹ́ bi, torí o sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lo máa ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rẹ fúnra rẹ nítorí yìnyín. Kí ló dé tí sókẹ́ẹ̀tì fi là tí nọ́ọ̀tì ò là? Ṣebí irin ni àwọn méjèèjì? Dúpẹ́olúwa ní irú sókẹ́ẹ̀tì kan wà tó dúdú, tí kì í là. Kí ló mú kó dúdú? Ṣé ọ̀dà ni? Mo bi í, ó ní, "Mà á, ó kàn dúdú ni." Irú ìdáhùn tí mo máa ń fún ní òdo ní kíláàsì nìyẹn.

Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Dúpẹ́olúwa náà ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ dè é le jù. Ó ní òun kọ́. Mi ò gbà á gbọ́.

Ìyá tó bí ọ, tí kò tíì gbó tó bí ẹ ṣe rò,
Bernadette.


Saskatoon, Canada,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú ewu irin. Nígbà tí mo ka ibi tí irin ti fò kọjá létí yín, orí páálí ọjà ni mo jókòó sí níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi bi mí bóyá ara mi yá.

Òótọ́ ni Bàbá Kékeré pè mí. Mi ò fọwọ́ sí i, àmọ́ mi ò ní rárá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká rò ó. Màámi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni yín. Bí òjò bá dé bá yín lójú ọ̀nà Atosin ńkọ́? Bí èèyàn burúkú ló bá dúró dípò ọlọ́kadà ńkọ́? Ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ kí n wá sin bàbá mi. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ikú rẹ̀, orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má tún pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ bi mí nípa sókẹ́ẹ̀tì, mo sì mọ̀ pé ẹ kò ní jẹ́ kí n sinmi bí n kò bá dáhùn. Ẹ ro ti ife gíláàsì àti ife páànù. Gíláàsì le, àmọ́ bó bá bọ́ lulẹ̀, ó parí. Ife páànù rọ̀ jù ú lọ díẹ̀, ó lè tẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, kì í fọ́. Bí sókẹ́ẹ̀tì dídán àti sókẹ́ẹ̀tì dúdú ṣe rí nìyẹn. Àwọn mẹkáníìkì ń lo ẹ̀rọ tó máa ń lu nọ́ọ̀tì gbà-gbà-gbà bó ṣe ń yí i, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe dúdú yẹn. Ògiri rẹ̀ nípọn, irin rẹ̀ sì lè gba ìyà. Dúdú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Àwọ̀ dídán ara èyí tó là yẹn ni wọ́n dà lé e lórí bí aṣọ. Bí ẹ̀rọ bá ń lu irú ìyẹn, aṣọ rẹ̀ á máa bó, á máa fò sí èèyàn lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi dúdú sílẹ̀ láìwọ aṣọ.

Ẹ tún wo inú sókẹ́ẹ̀tì Dádì. Mo rántí pé igun méjìlá ló ní. Igun mẹ́fà péré sì ni nọ́ọ̀tì ní. Onígun méjìlá kì í di nọ́ọ̀tì mú dáadáa, etí rẹ̀ nìkan ló ń há.

Ẹ wọn nọ́ọ̀tì kan kí ẹ sì fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ lè fi owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ yà á. Dúpẹ́olúwa ni yóò lò ó o, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ọmọ yín tí àyà ń já,
Olúwalóṣèyí.


Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Lóṣèyí,

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Máàsì dé, mi ò tíì bọ́ ìró mi tí mo fi jókòó sí ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ ife gíláàsì àti ife páànù yẹn yé mi yékéyéké. Ò bá ti ṣe tíṣà. Bí mo ṣe kà á tán ni mo lọ ṣí àpótí irinṣẹ́, mo ka igun inú sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Méjìlá ni lóòótọ́. Bàbá rẹ fi ogún ọdún lo irin tí kì í di nǹkan mú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ó ku apá kejì lẹ́tà rẹ. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo gbọ́, mi ò sì ní fi ẹ̀rù rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ gbọ́ tèmi náà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, gbogbo èèyàn ló ń bá mi gbé nǹkan. Wọ́n ń bá mi gbé àpò, wọ́n ń bá mi gbé ìjókòó, wọ́n ń bá mi gbé ìpinnu. Inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń pinnu ibi tí mò ń lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá tà á, ẹ ti ní kí n jókòó máa retí àlejò nìyẹn títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Nítorí náà, mo ti bá Olútìmẹ́hìn dá a. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi tú táyà yẹn, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi dè é padà, kí oṣù Kọkànlá tó parí, ẹnikẹ́ni kò ní dá ọ̀rọ̀ títà sílẹ̀ mọ́. Bí n kò bá lè tú u, màá fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Mo fẹ́ kí ìwọ náà gbà.

Owó ẹyọ wo lò ń wí? Ìgbà wo lo kúrò nílé ná? Téèpù ìránṣọ mi ni mo mú. Mo wọn nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì, torí aránṣọ kì í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Íǹṣì mẹ́ta ni, ó dín bíńtín. Wá a bá mi, kí o sì wá èyí tí kò wọ́n.

Ìyá rẹ.


Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, 2024.

Olúwalóṣèyí,

Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí. Àmì búlúù méjì wà níwájú lẹ́tà mi, mo sì mọ ohun tí búlúù méjì ń sọ. O ti kà á. Bí inú bá ń bí ọ, kọ ọ́ síwèé pé inú ń bí ọ. Ilé tí a ti tọ́ ọ kọ́ ni wọ́n ti ń fi ìdákẹ́ jẹ́ ìyá wọn níyà.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Olútìmẹ́hìn wá síbí lánàá. Kò jókòó. Ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó yọjú wo ẹ̀yìn ṣáláńgá. Ó wá bi mí pé, "Ìyàwó wa, èkejì dà?" Mo ní èkejì kí ni? Ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì lọ. Kí lẹ ń bá ara yín sọ?

Bernadette.


Saskatoon,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, 2024.

Màámi,

Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kí Bàbá Kékeré wá wò ó.

Mo gba lẹ́tà yín, mo sì rí íǹṣì mẹ́ta. Mo dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti máa ń ra irinṣẹ́, mo sọ fún ẹni tó ń tà á pé íǹṣì mẹ́ta ni mo fẹ́. Ó bi mí pé irú ọkọ̀ wo ni. Mo ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìyá mi ni. Ó ní kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé, pé àwọn ọkọ̀ tó ń gbé gẹdú ńlá gan-an kò ní tó o. Mo délé, mi ò lè sùn. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo wá rò pé ẹ ti fi ọkọ̀ Dádì ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ sì ti fi í ra lọ́rì, kí ẹ lè fi han àwa ọkùnrin pé kò sóhun tí ẹ kò lè wà. Mo mọ̀ yín, Màámi. Ẹ lè ṣe é.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè bi yín. Ni mo bá dákẹ́. Ṣé ẹ ti ra lọ́rì?

Ọmọ yín.


Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹwàá, 2024.

Lóṣèyí ọmọ Matthias,

Mo rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi wá kan ilẹ̀kùn. Mo ní ọmọ mi ló ní mo ra lọ́rì. Òun náà jókòó, a jọ rẹ́rìn-ín.

Mi ò ra lọ́rì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Bí wọ́n bá ní kí n wọn nǹkan, kí ni mo tún mọ̀ ju kí n fi téèpù yí ìbàdí rẹ̀ po? Bí mo ṣe wọn nọ́ọ̀tì nìyẹn. Mo fi téèpù yí i po, íǹṣì mẹ́ta ni, ó dín bíńtín. Ta ló ń wọn ìbàdí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì?

Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀rín, mo jókòó rò ó, ó sì yé mi. Sókẹ́ẹ̀tì kì í dì mọ́ nọ́ọ̀tì bí ìgbànú. Ńṣe ló ń gbá a mú lójú méjì tó kọjú síra wọn. Nítorí náà, mo mú nọ́ọ̀tì àtijọ́ kan nínú agolo mílíìkì tí bàbá rẹ ń kó wọn sí, mo rí i dájú pé ọmọ ìyá àwọn ti ara táyà ni, mo gbé e lé ìwé, mo fi bírò yí etí rẹ̀ po. Wò ó nísàlẹ̀ ewé yìí. Láti ojú kan sí ojú kejì, sẹ̀ntímítà méjì àti mílímítà kan. Ṣé o gbọ́ báyìí?

Sọ fún Olútìmẹ́hìn kó má wá lọ́rì lẹ́yìn ṣáláńgá mi mọ́.

Ìyá rẹ, tí kò ní lọ́rì.


Saskatoon,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, 2024.

Màámi mi,

Mo ti rẹ́rìn-ín títí, ojú sì tì mí. Mo gba àdéhùn yín. Mo ti sọ fún Bàbá Kékeré pé mo gbà á.

Mílímítà mọ́kànlélógún ni nọ́ọ̀tì yín. Mi ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ láti ibí, torí irin wúwo, owó tí wọ́n fi ń gbé e á ju owó irin fúnra rẹ̀ lọ. Akúrẹ́ ni kí ẹ lọ. Bí wọ́n bá gbé odidi àpótí jáde, tó ní ogójì nínú, ẹ má rà á. Èmi ra irú rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo débí, mẹ́ta ni mo ti lò nínú rẹ̀ dòní. Ẹyọ kan ni kí ẹ rà, èyí tó jìn nínú, tó ní igun mẹ́fà. Kí ihò ìdí rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ íǹṣì, kí ọ̀pá Dádì lè wọ̀ ọ́. Ẹ má tìtorí orúkọ ilé iṣẹ́ san owó ńlá. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, kó jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ sínú irin. Àwọn kan máa ń kun dídán ní ọ̀dà dúdú, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín ha á wò.

Nǹkan kan ṣì wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ògiri sókẹ́ẹ̀tì dúdú nípọn, ihò tí nọ́ọ̀tì yín wà nínú ríìmù sì há. Ó lè bá nọ́ọ̀tì mu kó má sì lè wọ ihò.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ fi epo tó ń wọnú ìpáàrà rin nọ́ọ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wọ gíláàsì ojú yín, kí ẹ sì jẹ́ kí Dúpẹ́olúwa wà nítòsí. Ẹ má gun orí sípánà o.

Ọmọ yín, tó ń retí.


Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 2024.

Olúwalóṣèyí,

Mo mọ̀ pé ìwọ náà á ti máa ka ọjọ́. Èmi ni mo dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Mo lọ sí Akúrẹ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá. Nígbà tí o ti ní ó lè má wọ ihò, mo mú nọ́ọ̀tì inú agolo yẹn, mo gbé ríìmù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mo fọ̀ ọ́, mo sì gbé e lé itan mi nínú takisí láti ibí dé Akúrẹ́. Ẹni bá fẹ́ ra bàtà fún ọmọ, ó yẹ kó mú ọmọ náà dání. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláwùmí ló ń ta irinṣẹ́ níbẹ̀. Ó wo ríìmù, ó wo èmi, ó ní, "Màmá, ta ló rán yín?" Mo ní èmi ni mo rán ara mi.

Èyí àkọ́kọ́ tó gbé jáde, mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha á, fàdákà yọ lábẹ́ rẹ̀. Ọláwùmí fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha gbogbo ọjà rẹ̀ wò. Èkejì dára, nọ́ńbà rẹ̀ jinlẹ̀, àmọ́ ó há sí ẹnu ihò ríìmù, kò wọlé. Ẹ̀kẹta wọlé ṣìnkún, ó sì bá nọ́ọ̀tì mu. Kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀, ó sì rọjú ju èkejì lọ. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó délé. Ó wúwo lọ́wọ́ bí òtítọ́.

Ìgbà tí mo délé ni mo wá ọ̀pá bàbá rẹ tì. Mo ṣí àpótí iwájú ọkọ̀, èyí tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mi ò rí ọ̀pá. Ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ni mo rí. Ṣé o rántí ìwé ògiri pupa tó máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sí ọkọ̀ sí? Ẹ̀mí mi kò gbà á láti ṣí i tẹ́lẹ̀. Mo ní kí n wò ó bóyá ó kọ nọ́ńbà nọ́ọ̀tì síbẹ̀. Mo lọ sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ohun tó kọ nìyí:

"Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, 2022. Táyà ẹ̀yìn ọwọ́ òsì. Mo dè é fúnra mi. Mo gùn ún."

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣubú ní yàrá, tí kò sì dìde mọ́.

Dúpẹ́olúwa kọ́ ló dè é. Ó lé lóṣù kan tí mo ti ń fi ojú ẹlẹ́bi wò ó ní gbangba. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mà á, mo sọ fún yín."

Sókẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì níwájú mi, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pá ti wà. Epo ti wà. Mi ò lè ṣe é. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ ṣe nínú ilé yìí ni nǹkan ti ṣe tán: igi tó gbìn ti wó, ilẹ̀kùn tó tún ṣe ti tún bàjẹ́. Nọ́ọ̀tì márùn-ún yìí nìkan ló ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Agbára rẹ̀ ṣì wà lára wọn, Lóṣèyí. Èmi ni mo fẹ́ lọ tú u. Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́.

Olútìmẹ́hìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé oṣù ku ọjọ́ mélòó.

Ìyá rẹ.


Saskatoon,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá, 2024.

Màámi,

Mo kà á nínú ọkọ̀ mi níwájú ilé, mi ò sì lè wọlé. Mo sunkún. Mi ò tíì sunkún Dádì bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rántí. Ẹ rántí ọjọ́ tí táyà yọ ní ọ̀nà Oǹdó, tí gbogbo wa wà nínú ọkọ̀, tí a rí táyà tiwa tó ń yí lọ níwájú wa. Láti ọjọ́ yẹn ni Dádì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun sípánà. Á di òrùlé ọkọ̀ mú, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì gorí sípánà, á máa jó lórí rẹ̀. Bí mo bá ní ó ti tó, á ní, "Kò tíì tó, ìyá rẹ á jókòó síbẹ̀."

Mo wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yẹn, Túsìdeè ni. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ẹ fẹ́ lọ sí Atosin fún kòkó kíká, ẹ sọ fún mi lórí fóònù. Ọjọ́ tó kú ni Sátidé yẹn bọ́ sí. Màámi, kò dè é kó má baà tú títí ayé. Ó dè é kí ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀.

Èmi ni mo ń bẹ̀rù, tí mo fẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀. Òun náà bẹ̀rù, ó sì dè é kí ẹ lè máa lọ. Ẹ tú u, Màámi.

Olúwalóṣèyí.


Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kejìlá, 2024.

Olúwalóṣèyí ọmọ mi,

Àná ni oṣù parí. Olútìmẹ́hìn ti wà níbí láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ó gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Dúpẹ́olúwa náà dé, mo ní kó dúró lókèèrè, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ti ń fi epo rin nọ́ọ̀tì láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo wọ gíláàsì ojú. Mo wọ ṣòkòtò bàbá rẹ kan, mo fi okùn dè é.

Mi ò gbé jáàkì sí i ná, kí táyà lè di ilẹ̀ mú. Mo ki sókẹ́ẹ̀tì bọ nọ́ọ̀tì òkè, ó wọ̀ ọ́ dọ́gba. Mo ki ọ̀pá bọ ìdí rẹ̀, mo ki páìpù bọ ọ̀pá. Mo dì í mú. Mo ní, "Matthias, o kú iṣẹ́. Ó tó." Mo gbé ara lé e.

Kò mì. Olútìmẹ́hìn wú ikọ́. Mo tún ẹsẹ̀ gbé, mo gbé gbogbo ara mi lé e láìjó, láìfò. Ó dún kẹ́ẹ̀, bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́, ọ̀pá sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú mi. Mo rò pé sókẹ́ẹ̀tì ló tún là. Mo wò ó. Nǹkan kan kò ṣe é. Nọ́ọ̀tì ló yí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Olútìmẹ́hìn dìde láti wá gbé mi, mo ní kó padà jókòó, pé ó ku mẹ́rin. Mo dẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé jáàkì sí i, mo sì tú gbogbo wọn. Dúpẹ́olúwa yọ ìṣó kan nínú táyà, kò gùn ju ìka ọmọ tuntun lọ. Ó lẹ̀ ẹ́, mo dá a padà, mo fi agbára ọwọ́ nìkan tẹ ọ̀pá dè é, mo ń fo ọ̀kan dé ọ̀kan tó kọjú sí i bí o ṣe kọ́ mi lórí fóònù. Mi ò gùn ún. Bí mo bá tún fẹ́ tú u lọ́la, kí n lè tú u.

Olútìmẹ́hìn dìde lórí àga rẹ̀. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, ọkọ̀ tèmi náà ńkọ́, ṣé èyí á wọ̀ ọ́?" Mo mú téèpù, mo wọn nọ́ọ̀tì tirẹ̀ fún un, láti ojú kan sí ojú kejì. Mílímítà mọ́kàndínlógún ni. Mo júwe ṣọ́ọ̀bù Ọláwùmí fún un, mo ní kó gbé ríìmù rẹ̀ dání. Kò sọ̀rọ̀ olùrà kankan mọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo wa ọkọ̀ jáde. Èmi nìkan ni. Nígbà tí mo dé, mo mú ìwé pupa, mo kọ èyí sábẹ́ tirẹ̀:

"Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 2024. Táyà ẹ̀yìn ọwọ́ òsì. Mo tú u. Mo dè é fúnra mi. Mo lọ sí Atosin, mo sì bọ̀."

Ìyá rẹ,
Bernadette.